Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bàbá Mosúnmọ́lá

Ọkùnrin náà ga, ó sì fẹ̀. Ó tẹ̀ ba sórí ìwé kan tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ìka rẹ̀ nípọn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ṣùgbọ́n ẹnu búrọ́ọ̀ṣì tó dì mú kò nípọn ju abẹ́rẹ́ lọ. Irun ìpéǹpéjú màlúù ló ń yà. Kò mí.

Mosúnmọ́lá rí i láti ẹnu ọ̀nà. Iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ni láti máa tọ́jú àwọn tí kò lè mí dáadáa. Bí ó bá pàdé èèyàn, àyà ló kọ́kọ́ máa ń wò kó tó wo ojú. Àyà ọkùnrin yìí kò lọ sókè, kò bọ̀ sílẹ̀. Iṣan ọrùn rẹ̀ ti yọ. Ojú rẹ̀ ti ń pọ́n.

Ó ju báàgì sílẹ̀, ó sáré lọ bá a, ó sì gbá a lẹ́yìn gbàù.

"Ẹ mí! Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ mí!"

Ìjayà ló mú un sọ Yorùbá. Ọkùnrin náà mí. Ó sì ké. Búrọ́ọ̀ṣì ti fò kúrò lójú màlúù, ó gun òkè kan kọjá, ó dúró lójú ọ̀run. Màlúù jẹ́jẹ́ wá ní ìwo kan tó kan òṣùpá.

"Ta ló ń fi èdè ìyá mi lù mí?"

"Mo rò pé ẹ ti ń kú lọ ni."

"Mi ò kú. Màlúù ni mò ń yà."

"Ṣé ẹni tó bá ń ya màlúù kì í mí ni?"

"Tí mo bá mí, ọwọ́ mi á mì. Ẹ wo nǹkan tí mímí ṣe."

Àwọn méjèèjì wo àwòrán náà. Mosúnmọ́lá fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rín kò gbà. Ọkùnrin náà fẹ́ bínú, ó wo ìwo náà lẹ́ẹ̀kan sí i, òun náà bú sẹ́rìn-ín.

Adédàpọ̀ ni orúkọ rẹ̀.

Yàrá náà wà ní Lewisville, ìlú kan lókè òkun, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan. Obìnrin àgbà kan tí ń jẹ́ Aminah ló ń kọ́ni níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Jaipur ní orílẹ̀-èdè India ló ti wá. Àwòrán kéékèèké ni bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ ń yà, irú èyí tí àwọn ọba India máa ń gbé lé itan wò.

Kọ̀ǹpútà Aminah ló bàjẹ́ tí aládùúgbò kan fi pe Adédàpọ̀, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì kan ní Addison. Ó tún un ṣe tán. Ó wá rí igi máńgòrò kan lára ògiri, tí kò ju èékánná lọ, tí ewé rẹ̀ ṣeé kà. Láti ọjọ́ náà ni kò ti pa Sátidé kan jẹ. Ti Mosúnmọ́lá yàtọ̀. Ẹ̀rọ ló ń dún sí i létí níbi iṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́. Ohun kan tí kì í dún ló ń wá.

Aminah wo màlúù oníwo gígùn. Kò rẹ́rìn-ín, kò bínú.

"Nílé iṣẹ́ bàbá bàbá mi," ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì jẹ́jẹ́, "a kì í ju iṣẹ́ tó bàjẹ́ nù. Ẹni tó bà á jẹ́ á jókòó ti ẹni tó ni ín, wọ́n á jọ tún un ṣe. Ẹnì kan á fa ìlà, ẹnì kejì á kun àwọ̀. Jókòó."

Mosúnmọ́lá jókòó.

Ìwo náà di ẹ̀ka igi. Adédàpọ̀ fa ewé sí i, Mosúnmọ́lá kùn ún. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, màlúù dúró sábẹ́ igi olódòdó bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí.

"Ó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ," Mosúnmọ́lá wí.

"Kí ẹ máa lù mí lọ nígbà náà."

Ìlú kọ̀ọ̀kan ní India ló ní ọwọ́ tirẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí, Aminah sì ń fi wọ́n hàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Basohli wà lórí òkè. Pupa ibẹ̀ le, yẹ́lò ibẹ̀ le, ojú èèyàn ibẹ̀ tóbi bí ojú ẹja, wọ́n sì máa ń lẹ ègé ìyẹ́ kòkòrò mọ́ ọn kó lè tàn bí òkúta iyebíye. Kangra kò jìnnà sí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ tirẹ̀ rọ̀: ewé tútù, òkè jẹ́jẹ́, obìnrin tó ń rìn bí atẹ́gùn. Ní Kishangarh, nínú aṣálẹ̀, kò sí ẹni tí kì í rẹwà. Ojú gígùn tó tẹ̀ bí ọrun, imú ṣóńṣó, ètè pupa. Àwọn ayàwòrán ọba Mughal ní tiwọn kì í ṣe ojúsàájú. Bí ọba bá ní kókó létí imú, kókó náà á wọlé.

Adédàpọ̀ fẹ́ràn Basohli. Mosúnmọ́lá fẹ́ràn Kangra. Wọn kò gbà fún ara wọn.

"Àwọn èèyàn Basohli yín yìí, bí ẹni tí wọ́n jí lójijì."

"Tiyín ńkọ́? Bí ẹni tí kò tíì jẹun láti àná."

"Wọ́n ń ronú ni."

"Oúnjẹ ni wọ́n ń rò."

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Adédàpọ̀ a máa fi òkúta dídán ra ẹ̀yìn ìwé kó lè jọ̀lọ̀. Mosúnmọ́lá a máa lọ àwọ̀. Lọ́jọ́ kan, ìgbọ̀nwọ́ wọn kan ara wọn lórí tábìlì. Kò sí ẹni tó gbé tirẹ̀ kúrò.

"Ìgbà wo lẹ máa yé pè mí ní 'ẹ'?" Adédàpọ̀ bi í.

"Ìgbà tí ẹ̀yin náà bá yé."

"Mo ti yé. Mosún, ṣé o ti jẹun?"

"Rárá. Ọmọ Kangra ni mí."

Wọ́n lọ jẹ ẹja díndín létí adágún Lewisville. Oòrùn ń wọ̀, ooru kò tíì wọ̀. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ mẹ́ta kan ń tọrọ oúnjẹ lẹ́sẹ̀ wọn. Adédàpọ̀ fún wọn ní búrẹ́dì rẹ̀ tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Mi ò mọ ọ̀rọ̀ sọ, Mosún."

"Mo mọ̀."

"Mo fẹ́ràn ẹ."

"Ìyẹn náà, mo mọ̀ ọ́n."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mo máa ń wo àyà ẹ tó o bá ń yàwòrán."

"Torí iṣẹ́ ẹ?"

"Ó bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Adédàpọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ rí i pé búrẹ́dì ti tán, wọ́n bá tiwọn lọ.

Bàbá Mosúnmọ́lá ń jẹ́ Enoch. Little Elm ló ń gbé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Stella. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí i, àbàjà mẹ́rin sì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Oògùn ló ń pò ní ilé ìwòsàn títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó ti fojú sí ọkọ kan fún Mosúnmọ́lá: Kọ́lá, dókítà eyín ní Addison, ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kọ́lá kì í ṣe èèyàn burúkú. Eyín èèyàn ló kàn máa ń wò kó tó kí èèyàn.

Adédàpọ̀ lọ fi ara rẹ̀ hàn. Ó dọ̀bálẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kò jìn sí àga Bàbá, òun sì gùn. Orí rẹ̀ dé ìdí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà níta.

"Ẹ ní kó wọlé tán o," Stella ké. "AC ń jáde!"

"Dìde," Bàbá wí. "Jókòó."

Adédàpọ̀ jókòó. Àga náà dún.

"Wọ́n ní o máa ń ya màlúù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Àti igi, sà. Àti àwọn ìyàwó ọba."

"Ìwọ tó tó yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bàbá wò ó. Mosúnmọ́lá ń wo ilẹ̀. Stella ń gbọ́ láti kíṣìnì, kò tilẹ̀ fi bò.

"Kọ́lá tún eyín mi ṣe," Bàbá wí. "Mo mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe. Tìrẹ, mi ò mọ̀ ọ́n. Yà mí. Bí mo bá rí ojú tí o fi wò mí, màá mọ ojú tí wàá máa fi wo ọmọ mi."

"Ṣé ẹ máa jókòó fún mi, sà?"

"O ti rí mi. Máa lọ."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé ìwé funfun kan síwájú. Ìjà bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó fi ohunkóhun kàn án.

"Ọwọ́ Mughal ni," Adédàpọ̀ wí. "Òótọ́ ni dádì ẹ ń wá."

"Ṣé orí ẹ pé? Kókó abẹ́ etí wọn ńkọ́?"

"Kókó á wọlé."

"Kò ní wọlé. Kishangarh la máa lò. Kí inú wọn lè dùn. Dàpọ̀, ọ̀rọ̀ tèmi tìẹ mà nìyí."

"Mosún..."

"Àti ilà ojú wọn. Má fà á sí i."

Adédàpọ̀ gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. "Ilà bàbá ẹ?"

"Tá a bá lọ ra nǹkan, àwọn ọmọdé á máa wò wọ́n. Títí a ó fi délé ni Dádì á máa kùn. Wọn ò fẹ́ràn ẹ̀. Ọmọ wọn ni mí, mo mọ̀ wọ́n."

Ọkàn Adédàpọ̀ kò gbà á. Ṣùgbọ́n ọmọ ló mọ bàbá rẹ̀, Mosúnmọ́lá sì ń wò ó bí ẹni tí gbogbo ayé rẹ̀ wà lórí ìwé náà. Ó fa ìlà. Mosúnmọ́lá kun àwọ̀. Nígbà tí ó gbẹ, Aminah gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

"Ó rẹwà gan-an," ó wí. "Ta ni?"

Ó yẹ kí ìyẹn kì wọ́n nílọ̀. Kò kì wọ́n nílọ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n gbé e lọ sí Little Elm, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Kọ́lá wà níbẹ̀. Bàbá ló pè é, kó lè ṣe ẹlẹ́rìí.

Bàbá wo àwòrán náà. Ó yọ awò ojú, ó nù ún, ó tún fi í sójú. Ó ní kí wọ́n gbé gíláàsì tó fi ń wo orúkọ oògùn wá.

"Stella, wá wo ìyàwó tuntun."

Stella nu ọwọ́ sára aṣọ, ó wá. "Áà, ó mà rẹwà o! Ọmọ ta ni?"

"Wọ́n ní ọkọ ẹ ni."

Stella wo àwòrán, ó wo ọkọ rẹ̀, ó tún wo àwòrán. "Olúwa mi o."

Kọ́lá náà na ọrùn. "Ó pa ẹnu dé," ó wí. "Mi ò lè rí eyín."

Ẹ̀rín ti dé ètè Mosúnmọ́lá. Ó rí ojú bàbá rẹ̀, ẹ̀rín náà gbẹ.

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi dà?"

Bàbá fi ìka tọ́ka sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ inú àwòrán náà.

"Kí ni wọ́n ń pe ọwọ́ yìí?"

"Kishangarh, sà," Adédàpọ̀ wí. "Ìlú kan ní India ni."

"Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Béèyàn bá ti rí ojú, á mọ ìlú."

"Ohun tí ilà wà fún nìyẹn." Bàbá gbé gíláàsì sílẹ̀. "O mọ̀ ọ́n. O sì bọ́ ojú ìlú mi kúrò lára mi, o gbé ti ẹlòmíràn wọ̀ mí. Ta ló ní kó o pa á rẹ́?"

Mosúnmọ́lá la ẹnu. Ọ̀rọ̀ kò jáde. Adédàpọ̀ wò ó, ó sì dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dọ̀bálẹ̀.

"Ọwọ́ mi ló fa ìlà, sà. Ẹ̀bi mi ni."

Bàbá na àwòrán náà sí i. "Gbé ìyàwó rẹ. Máa lọ."

Mosúnmọ́lá bá a nídìí mọ́tò.

"Kí ló dé tó o gbé ẹ̀bi mi rù?"

"Ẹnì kan ní láti gbé e."

"Mo fẹ́ sọ̀rọ̀!"

"Mo dúró dè ẹ́, Mosún."

Kò pariwo. Ìyẹn ló dun Mosúnmọ́lá jù. Adédàpọ̀ gbé àwòrán sórí àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó so bẹ́líìtì mọ́ ọn kó má baà ṣubú, ó sì wakọ̀ lọ.

Kò wá sí Lewisville ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Kò wá ní èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn. Mosúnmọ́lá jókòó nìkan. Ó gbìyànjú láti fúnra rẹ̀ ya ọkùnrin kan sábẹ́ igi. Aminah, tó ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Adédàpọ̀ ni."

"Mo rò pé òpó iná ni." Aminah gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìwọ mọ àwọ̀ kùn. Ṣùgbọ́n a kì í kun ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì fà. Ìlà kan wà tó o fi sílẹ̀ láìfà. Lọ fà á."

Ní Addison, Adédàpọ̀ ń ya obìnrin kan nínú yàrá rẹ̀. Ọwọ́ Kangra ló ń lò, òun tí kò fẹ́ràn Kangra. Òkè rẹ̀ kò rọ̀. Ewé rẹ̀ kò tutù. Ṣùgbọ́n ojú obìnrin náà pé, ó sì ń wo ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí kò tíì jẹun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Mosúnmọ́lá wakọ̀ lọ sí Little Elm. Bàbá wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń bomi rin ata.

"Ẹ káàárọ̀, Dádì."

"Káàárọ̀."

Mosúnmọ́lá kúnlẹ̀ sínú koríko tútù. "Dádì, èmi ni mo ní kó má fa ilà yẹn sí i."

Bàbá kò wẹ̀yìn. Omi ń dà sórí ata.

"Mo mọ̀ pé ẹnì kan ló sọ fún un. Ẹni tó bá lè ka ewé orí igi kò lè ṣàìrí ilà. Kí ló dé tó o fi ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn ọmọdé máa ń wò yín. Ẹ sì máa ń kùn títí délé. Mo rò pé ẹ ò fẹ́ràn ẹ̀."

"Mo máa ń kùn torí wọn kì í kí mi." Bàbá yíjú sí i. "Ọmọ tó bá máa wo àgbà tó báyẹn, kó kí i."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ṣé ó kéré ni?"

Mosúnmọ́lá kò mọ̀ bóyá kí òun sunkún tàbí kí òun rẹ́rìn-ín. Ó ṣe méjèèjì. Bàbá pa omi.

"Ọmọkùnrin yẹn mọ̀ pé ìwọ ni, kò sì dárúkọ rẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Eyín tí Kọ́lá ṣe fún mi ga jù. Ó ní olùrànlọ́wọ́ òun ló ṣe é. Ọmọbìnrin náà sì dúró níwájú wa. Ó wo ilẹ̀." Bàbá fi ahọ́n kan eyín náà. "Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ yẹn. Dìde, aṣọ ẹ ti tutù. Pe ọmọkùnrin yẹn. Màá jókòó fún un."

Mosúnmọ́lá pè é láti inú mọ́tò.

"Dàpọ̀."

"Mosún."

"Mo ti sọ fún wọn."

Mosúnmọ́lá tẹ fóònù mọ́ etí.

"Ṣé o ṣì wà níbẹ̀? Ṣé ò ń mí?"

"Mò ń mí."

"Má bínú. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn."

"Ó yẹ."

"O ò ní sọ pé kò burú?"

"Ó burú. Ó sì ti tán. Kí ni dádì wí?"

"Wọ́n ní kó o máa bọ̀. Wọ́n máa jókòó fún ẹ."

"Pẹ̀lú kókó?"

"Pẹ̀lú kókó, olówó orí mi."

Adédàpọ̀ gbọ́ orúkọ tó pè é. Ó dé Little Elm kí ọ̀sán tó pọ́n.

Bàbá wọ aṣọ òkè. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó kọjú síwájú bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò páṣípọ́ọ̀tù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, sà."

"Kí ló dé?"

"Bí iṣẹ́ yìí ṣe rí nìyẹn, sà. Ẹ̀gbẹ́ ojú ni wọ́n máa ń yà."

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì ńkọ́?"

"Kò ní hàn, sà."

"Àbàjà ẹ̀gbẹ́ kan." Bàbá kò mira. "Wọ́n á ní ológbò ló ha mí."

Adédàpọ̀ gbìyànjú ojú iwájú lórí ìwé mìíràn. Ó dà bí òwìwí tí wọ́n tan iná sí. Ó fa ìwé náà ya. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì. Òwìwí náà tún padà wá. Bàbá wò ó, ó ní òun kò fẹ́ ẹ. Òógùn bo Adédàpọ̀ pẹ̀lú gbogbo AC. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì kò bá wọlé, òun náà kò ní wọlé. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mosúnmọ́lá ti ń lọ àwọ̀ nílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Dàpọ̀, ọba tó ń ṣọdẹ yẹn ńkọ́?"

"Ọba wo?"

"Èyí tí Aminah fi hàn wá. Ọba kan náà ń ta ọfà lókè, ó tún ń jẹun nísàlẹ̀. Àwòrán kan ṣoṣo."

Adédàpọ̀ wò ó. Ojú rẹ̀ là. "Lẹ́ẹ̀mejì!" ó ké. "Sà, ẹ jẹ́ ká yà yín lẹ́ẹ̀mejì!"

"Èmi méjì?"

"Ọ̀kan á kọjú sọ́tùn-ún, ọ̀kan á kọjú sósì. Àwọn àgbà iṣẹ́ yìí náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Stella gbá orí mú. "Ẹyọ kan péré, ọwọ́ mi kò ká a."

Bàbá yíjú sọ́tùn-ún. Nígbà tí ó tó àkókò, ó yíjú sósì. Kò sọ̀rọ̀, kò mu omi. Stella ló ń sọ fún Adédàpọ̀ ibi tí irun imú wà.

Iṣẹ́ náà gbà wọ́n ní ọ̀pọ̀ Sátidé. Adédàpọ̀ fi ọwọ́ Mughal ya ojú, gbogbo ìlà àgbà ló wọlé. Ó fi pupa Basohli tẹ́ ilẹ̀. Mosúnmọ́lá fi òkè Kangra sẹ́yìn, tútù, pẹ̀lú igi. Aminah yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Ìlú mẹ́ta lórí ìwé kan," ó wí. "Bàbá bàbá mi ì bá lé yín jáde." Ó tún wò ó. "Ṣùgbọ́n wọn kò jà."

Bàbá fúnra rẹ̀ ti bá Kọ́lá sọ̀rọ̀. Kọ́lá kò janpata. Ó ní òun ti rí i tẹ́lẹ̀ pé eyín Adédàpọ̀ dára.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé àwòrán náà dé, Bàbá tún gbé gíláàsì oògùn rẹ̀. Ó ka ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Ó ka ti òsì. Wọ́n pé.

"Èyí ńkọ́?" Ó fi ìka tọ́ka sí kókó tó wà lábẹ́ etí Enoch apá ọ̀tún. "Ṣé dandan ni?"

"Ibẹ̀ ló wà, sà."

Bàbá fọwọ́ kan abẹ́ etí rẹ̀. "Ibẹ̀ ló wà."

Stella tẹ̀ síwájú. Enoch apá òsì kò ní kókó, torí ẹ̀gbẹ́ kejì ni. "Èyí ni mo fẹ́," ó wí. "Èkejì yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n."

Bàbá ń wo àárín àwòrán. Àwọn Enoch méjèèjì kọjú síra wọn. Ẹní kan wà láàárín wọn, wọ́n yà á dáadáa títí dé wajawaja etí rẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀.

"Kí ló yẹ kó wà níbí?"

Adédàpọ̀ fa ọrùn aṣọ rẹ̀. "Mo fi í sílẹ̀ ni, sà. Mi ò mọ ẹni tí ẹ máa jẹ́ kó jókòó síbẹ̀."

Bàbá tún wo ẹní náà.

"Èmi méjì ń wo ilẹ̀ lásán," Bàbá wí. "Kò bójú mu." Ó gbé àwòrán náà fún Adédàpọ̀. "Ya ara rẹ síbẹ̀. Ya ọmọ mi tì ọ́. Fi ojú tó o fi yà mí yìí yà á."

Ó dìde, ó lọ sídìí ata rẹ̀. Stella dúró. Ó rí i pé àwọn méjèèjì ń retí kí òun lọ, ó wọ kíṣìnì, kò ti ilẹ̀kùn.

Adédàpọ̀ gbé àwòrán sórí tábìlì. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Mosúnmọ́lá. Pẹ̀lú bó ṣe kúnlẹ̀ náà, ojú wọn dọ́gba.

"Dádì ti sọ tiwọn," ó wí. "Ìwọ ló kù. Ọwọ́ ìlú wo lo fẹ́ kí n fi yà ẹ́?"

"Èyí tí kò ní jẹ́ kí n rẹwà ju bí mo ṣe rẹwà lọ."

"Kò sí èyí tó lè jẹ́ kó o rẹwà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti wá a."

"Ẹlẹ́nu dídùn. Ya èyí tó o bá rí."

"Bí mo bá yà ẹ́ síbí, Mosún, mi ò ní pa ẹ́ rẹ́ mọ́ láéláé. Ṣé kí n yà ẹ́?"

Mosúnmọ́lá wo ẹní tó ṣófo náà. Ó wo bàbá rẹ̀ lọ́tùn-ún, ó wo bàbá rẹ̀ lósì. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó fi í sọ́wọ́ Adédàpọ̀, ó sì ká àwọn ìka ńlá náà lé e lórí.

"Yà mí," ó wí. "Kí o jókòó tì mí o, má lọ jìnnà."

"Mo gbọ́ o!" Stella ké láti kíṣìnì. "Enoch! Ó ti gbà!"